Ẹ̀gbọ́n Mélòó Lo Ní? Kọ́mà àti Àpèjúwe Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìdúró o, torí mo mọ̀ pé ìdúró lẹ fi ń ka ìwé ìròyìn ara ògiri yìí. Ọ̀rọ̀ gírámà ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sá lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tense, kì í sì í ṣe concord tá a ti gbọ́ títí tó ti sú wa. Kọ́mà ni. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí dáadáa:

My sister who lives in Ibadan is a nurse.
My sister, who lives in Ibadan, is a nurse.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ètò kan náà ni. Kọ́mà méjì péré ni ìkejì fi ju àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ka méjèèjì sí ọ̀kan. Ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ ń sọ fún wa pé òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin ju ẹyọ kan lọ: ọ̀kan lè wà ní Òṣogbo, ọ̀kan lè wà nílé lọ́dọ̀ màmá, ṣùgbọ́n èyí tó wà n'Íbàdàn ni nọ́ọ̀sì. Ẹni tó kọ ìkejì ń sọ pé ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo lòun ní, nọ́ọ̀sì sì ni. Ti pé ó ń gbé Ìbàdàn, ó kàn fi kún un ni. Ẹ ò rí i pé kọ́mà ti ka iye ọmọ ilé yín fún ẹni tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín rí.

Awẹ́ gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú who, which, that, whose tàbí where, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe àpèjúwe ọ̀rọ̀ orúkọ tó ṣíwájú rẹ̀. Tíṣà Yorùbá wa ń pè é ní awẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní relative clause tàbí adjectival clause. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ kòṣeémàní: tí o bá yọ ọ́ kúrò, a ò ní mọ ẹni tí ò ń bá wí mọ́. Òun làwọn ìwé ń pè ní essential. Àwọn ìwé mìíràn ń pè é ní restrictive tàbí defining. Kì í gba kọ́mà. Ìkejì jẹ́ àfikún: a ti mọ ẹni náà tẹ́lẹ̀, o kàn ń bu ìròyìn lé e ni. Èyí ni nonessential. Ó gbọ́dọ̀ gba kọ́mà.

Ìdánwò tí wọ́n fi ń kọ́ wa ni ti ìka. Ẹ wo èyí: Wole Soyinka, who was born in Abeokuta in 1934, won the Nobel Prize for Literature in 1986. Fi ìka bo ohun tó wà láàárín kọ́mà méjèèjì, kí o wá ka èyí tó kù. Soyinka ṣì ni Soyinka, ẹ̀bùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wá fi èyí dán an wò: The African writer who won the Nobel Prize for Literature in 1986 was born in Abeokuta. Bo àpèjúwe tó wà láàárín, ohun tó máa kù ni pé òǹkọ̀wé ọmọ Áfíríkà kan wà tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta. Òǹkọ̀wé wo? Àìmọye ni wọ́n.

Ìdánwò ìka yìí dáa, ṣùgbọ́n lójú tèmi kò tó. Ìdí ni pé gbólóhùn míì wà tó jẹ́ pé tó o bá fi ìka bò ó, gírámà ibẹ̀ kò ní bàjẹ́ rárá, òtítọ́ inú rẹ̀ ló máa bàjẹ́. Nigerians who are dishonest should be punished. Bo àpèjúwe náà mọ́lẹ̀, ó kù: Nigerians should be punished. Gírámà pé pérépéré, àmọ́ o ti fi gbogbo wa sí ẹ̀wọ̀n. Bó o bá sì fi kọ́mà sí i, Nigerians, who are dishonest, should be punished, o ti sọ pé oníwà èrú ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà, láti orí ìwọ tí ò ń kọ ọ́ dé orí ìyá rẹ. Ìbéèrè tó dára ju ìka lọ ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tá a ní lédè wa: “Èwo?” Tí àpèjúwe náà bá ń dáhùn “èwo nínú wọn?”, má fi kọ́mà sí i. Tí kò bá sí “nínú wọn” kankan, torí pé ẹyọ kan ni tàbí torí pé gbogbo wọn pátá lò ń sọ, fi kọ́mà sí i.

Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn yìí fi yẹ ká ṣọ́ra fún: The Yoruba, who live in Benin Republic, learn French at school. Òótọ́ ni pé àwọn èèyàn wa wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní Bìnì olómìnira, Faransé ni wọ́n sì ń kọ́ ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú kọ́mà méjèèjì yẹn, gbogbo Yorùbá ti kó lọ síbẹ̀. Àwa tá a wà l'Ékòó, ní Ìlọrin, ní Àkúrẹ́, ibo la wá wà?

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń rú àwa ọmọ Yorùbá lójú? Èrò tèmi ni pé “tí” wa ló fà á. Bí mo bá sọ pé “Ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Íbàdàn ti dé,” ẹni tó ń gbọ́ mi á ti mọ̀ pé òmíràn wà níbòmíì. “Tí” máa ń fẹ́ yan ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ni mo ní, ṣé bẹ́ẹ̀ ni màá sọ ọ́? Rárá. Màá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ti dé. Ìbàdàn ló ń gbé.” Mo ti gé e sí méjì. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi kọ́mà méjì há sáàárín gbólóhùn, àwa máa ń fi ṣe gbólóhùn tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Torí náà, nígbà tá a bá fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń rò pé “tí” kan ṣoṣo ni who, a ó sì kọ ọ́ lọ gbọrọ láìfi kọ́mà sí i.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ìdánwò tí mò ń lò, ó sì ti wúlò fún mi ju ti ìka lọ. Sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà ní Yorùbá bí ìgbà tó ò ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ nílé. Tó bá wá pẹ̀lú “tí” láìfipá mú un, kò gba kọ́mà. Tó bá jẹ́ pé ńṣe lo gé e sí gbólóhùn méjì kí ó tó dùn ún gbọ́, kọ́mà ni. Ẹ fi èyí dán an wò: Lagos, which was the capital of Nigeria until 1991, is still crowded. Kò sí ẹni tó máa sọ pé “Èkó tó jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà títí di 1991 ṣì kún,” àfi tí Èkó bá pé méjì. “Èkó ṣì kún o. Òun ni olú-ìlú wa títí di 1991.” Gbólóhùn méjì nìyẹn, kọ́mà sì ni.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sára ògiri yìí gan-an. Ní táàmù tó kọjá, ìròyìn kan jáde níbí nípa gíláàsì fèrèsé láàbù tó fọ́. Ohun tí wọ́n kọ ni: The boys in SS2B, who broke the laboratory window, will pay for it. Ọmọkùnrin mẹ́rìndínlógún ló wà ní kíláàsì yẹn. Mẹ́ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò sì ní ibi lọ́kàn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́mà méjì yẹn kó gbogbo mẹ́rìndínlógún sínú ẹ̀sùn kan. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàlá yòókù wá sí ilé ìwé ní ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú bọ́ọ̀dù yìí, ó kà á, ó tún un kà, ó wá béèrè pé ta ló rí ọmọ òun níbi fèrèsé. Àwọn kan ní bàbá náà ń wá ìjà. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Bàbá náà ka Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà níbẹ̀ ni. Tipp-Ex ni wọ́n fi pa kọ́mà méjèèjì rẹ́ kó tó lọ, ó kù: The boys in SS2B who broke the laboratory window will pay for it. Ọ̀rọ̀ kankan kò kúrò níbẹ̀, àwọn mẹ́tàlá sì bọ́.

Ti ilé olórogún náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé gírámà kò sì ronú kàn án torí pé kì í ṣe ilé wa ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ká ní ò ń kọ lẹ́tà láti tọrọ owó ìrànwọ́ ilé ìwé, o wá kọ pé: My mother who sells fried yam at the motor park pays my fees. Ẹni tó ń ka lẹ́tà náà lè béèrè pé ìyá mélòó lo ní, kí ló dé tí àwọn tó kù kò fi dá sí i? Bó bá jẹ́ pé ìyá kan ṣoṣo ló ń dá dùndún, tó sì ń fi owó rẹ̀ rán ọ nílé ìwé, fi kọ́mà sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun nìkan ló wà nídìí rẹ: My mother, who sells fried yam at the motor park, pays my fees. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan wà, ìyàwó mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ ní. Bí òun bá kọ My father's wife who sells provisions took me to hospital, ó gbà á, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi báírò pupa kọ kọ́mà sí i fún un. Gírámà kì í ṣe adájọ́ ilé ẹni. Iye tó wà nílé ni kọ́mà ń tẹ̀ lé. Ẹni tí kò bá mọ ilé yín kò lè sọ bóyá o gbà á tàbí o kò gbà á.

Àwọn ibi kan rọrùn, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn everybody, anyone, every student, no teacher, nobody, má ṣe fi kọ́mà ṣíwájú who. Anyone who comes late will kneel down. Bó o bá fi kọ́mà sí i, gbogbo ayé ló máa kúnlẹ̀. That náà kì í tẹ̀ lé kọ́mà nínú iṣẹ́ yìí: kò sí Lagos, that was the capital. Ibi tí who tàbí which tàbí that bá sì ti sápamọ́, bíi the book I bought tàbí the man we saw, kòṣeémàní ni nígbà gbogbo, kọ́mà kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé that nìkan ló tọ́ fún kòṣeémàní, which nìkan fún àfikún. H. W. Fowler, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dábàá rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1926, àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì gbà á jù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwa náà ń tẹ̀ lé nílé ìwé, the house which my uncle built tọ́, the house that my uncle built náà tọ́. Ẹni tó bá fagi lé which rẹ níbi tí kò ti sí kọ́mà, fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀. Tíṣà ni ẹni náà lè jẹ́, torí náà kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ èèyàn máa ń gba kọ́mà, torí pé orúkọ fúnra rẹ̀ ti dáhùn “èwo?”. Àmọ́ ẹ mọ ilé ìwé wa. Táíwò mélòó ló wà ní SS2 nìkan? Tí orúkọ kò bá tó láti dá èèyàn mọ̀ mọ́, Gẹ̀ẹ́sì á fi the ṣíwájú rẹ̀, kọ́mà á sì kúrò: The Taiwo who plays goalkeeper is sick, not the Taiwo who rings the bell.

Kì í ṣe who àti which nìkan ni òfin yìí dé. Ó dé orí orúkọ tó dúró ti orúkọ, tí wọ́n ń pè ní apposition, ibẹ̀ sì ni àwa tá à ń ṣe Literature ti máa ń kọsẹ̀ jù. Achebe's first novel, Things Fall Apart, was published in 1958. Ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ kò lè pé méjì, kọ́mà sì wà. Ṣùgbọ́n Achebe's novel Things Fall Apart kò gba kọ́mà, torí márùn-ún ni novel tí Achebe kọ. Bó o bá kọ Achebe's novel, Things Fall Apart, o ti fi kọ́mà jó Arrow of God àti mẹ́ta yòókù níná. Bákan náà ni eré Soyinka: Soyinka's play, Death and the King's Horseman, sọ pé eré kan ṣoṣo ni bàbá náà kọ láyé. The girl carrying the red bag àti Bisi, carrying a red bag, òfin kan náà ló ń darí wọn.

Nǹkan méjì ló kù tí mo fẹ́ fi ohùn líle sọ. Èkíní: kọ́mà àfikún máa ń rìn ní méjì-méjì bíi bàtà. Èyí tó ṣílẹ̀kùn wà, èyí tó tìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà, àfi tí àmì ìdánudúró bá ti parí gbólóhùn níbẹ̀. Our captain, who scored twice was carried home kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìkejì: ìmọ̀ràn tí wọ́n fún wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé “ibi tó o bá ti mí ni kó o fi kọ́mà sí”, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí èèyàn kọ The students that the Vice Principal sent to the market on Friday, have returned. Gbólóhùn náà gùn, èémí tán, kọ́mà já bọ́ sáàárín olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀. Èémí ẹni tó ní ikọ́ efée àti ti ẹni tó ń sáré kò dọ́gba, gírámà wọn sì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ẹni tó bá rò pé eré ọmọ ilé ìwé lèyí, kó gbọ́ ti Kánádà. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Rogers bá ilé-iṣẹ́ Aliant ṣe àdéhùn láti máa so wáyà rẹ̀ mọ́ nǹkan bí 91,000 òpó. Rogers gbà pé kò sẹ́ni tó lè já àdéhùn náà kí ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ tó pé. Ìwé náà sọ pé àdéhùn yóò wà fún ọdún márùn-ún, yóò sì máa tún ara rẹ̀ ṣe ní márùn-ún márùn-ún lẹ́yìn náà, àyàfi tí ẹnì kan bá fi ọdún kan ṣe ìkìlọ̀ ṣáájú. Apá “yóò sì máa tún ara rẹ̀ ṣe” yẹn, kọ́mà wà níwájú rẹ̀, kọ́mà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àfikún tí a lè fi ìka bò. Tí a bá bò ó, “àyàfi” bọ́ sórí ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Àjọ tó ń ṣe àkóso ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀ dá Aliant láre ní 2006 nítorí kọ́mà kejì, owó tó sì wà nídìí rẹ̀ ju mílíọ̀nù 2 dọ́là Kánádà lọ. Ní 2007 ni Rogers tó rí ẹjọ́ náà gbà padà, nítorí pé àdéhùn náà wà lédè Faransé pẹ̀lú, ti Faransé kò sì ní ìrújú yẹn.

Ti WAEC kò tó mílíọ̀nù dọ́là, àmọ́ tiwa ni. Nínú àádọ́ta máàkì essay, mẹ́wàá ló wà fún Mechanical Accuracy, ààbọ̀ máàkì-ààbọ̀ máàkì ni wọ́n sì fi ń yọ ọ́ fún àṣìṣe. Nínú comprehension ẹ̀wẹ̀, wọ́n á fa awẹ́ gbólóhùn kan yọ, wọ́n á béèrè orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ who broke the window ni, kọ adjectival clause, kí o wá kọ pé it qualifies the noun “boys”. Orúkọ nìkan láìsí iṣẹ́ kò pé.

Ó yá, ẹ gbé báírò. Kọ́mà kankan kò sí nínú àwọn wọ̀nyí. Ẹ fi sí èyí tó bá yẹ, kí ẹ sì fi èyí tí kò yẹ sílẹ̀:

1. Olumo Rock which is in Abeokuta attracts many visitors.
2. Students who have not returned their library books should see the librarian.
3. The Niger and the Benue which meet at Lokoja flow on to the sea together.
4. Any teacher whose car is blocking the gate should please move it.
5. My father who is a bricklayer cannot come on Thursday.

Ẹ kọ orúkọ àti kíláàsì yín sí i, kí ẹ jù ú sínú àpótí Press Club kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Fún ìkarùn-ún, ìdáhùn méjì ló wà. Ẹ kọ èyí tó bá ilé yín mu.